Bí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù kan ṣe ń dé etí ogójì èèyàn láì sú ẹni tó ni ín

Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹni tó bá ní àwo ìjálá Ògúndáre Fóyánmu tó ṣì ń dún dáadáa kì í pẹ́ lókìkí. Bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ ni pé àlejò kan á wá kí i, á bá àwo lórí ẹ̀rọ, á ní "ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dọ́ọ̀bù ẹ̀ sórí fóònù", ẹ̀gbọ́n á bá a ṣe é. Lọ́sẹ̀ kejì àbúrò àlejò yẹn á pè láti Ọ̀yọ́, ẹnì kan tí wọn ò mọ̀ rí á pè láti Ìlọrin, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá lórí ìjálá á ní gbogbo èyí tó bá wà nílé lòun fẹ́, ẹlòmíì á tún ní ṣé wọn ò ní Haruna Ishola àtijọ́ kan báyìí, èyí tí bàbá òun máa ń gbọ́, òun ò mọ orúkọ ẹ̀ o, ṣùgbọ́n páálí ẹ̀ pupa. Tó bá fi máa tó oṣù mẹ́ta ẹ̀gbọ́n ò gbé fóònù mọ́, àwo ti padà sínú páálí, eruku ọyẹ́ ń bò ó. Wọ́n á ní ó ti di ahun. Kò dahun rárá, ètò ni ò sí.

Ẹ jẹ́ ká ka wákàtí ẹ̀ ná, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Èlìpíì oní-ínǹṣì 12 ń yí ìgbà 33⅓ ní ìṣẹ́jú kan, ojú kan máa ń tó bí ogún ìṣẹ́jú, kò sì sí bí èèyàn ṣe lè kán an lójú, bí olórin ṣe kọ ọ́ náà lèèyàn máa jókòó tì í títí kó tó wọ kọ̀ǹpútà tán. Ojú méjèèjì, ogójì ìṣẹ́jú. Kí wọ́n tó gbé e sórí ẹ̀rọ wọ́n á ti nù ún, lẹ́yìn ẹ̀ wọ́n á gé ariwo abẹ́rẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí kúrò, wọ́n á kọ orúkọ sí i. Wákàtí kan ààbọ̀ ti lọ nìyẹn lórí àwo kan ṣoṣo. Èèyàn mẹ́wàá tó bá bèèrè àwo mẹ́wàá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wákàtí 15. Ká má tíì sọ ti iná o. Jẹnẹrétọ̀ náà ní wàhálà tiẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àwo àtijọ́ ló jẹ́ pé bí iná ṣe ń sáré ni mọ́tò wọn ń sáré, 50 hertz ni wọ́n ṣe wọ́n fún, tí jẹnẹrétọ̀ bá ti sáré ju bẹ́ẹ̀ lọ, ohùn olórin á tín-ín-rín, ìlù á yára, ẹni tó gbọ́ orin yẹn dàgbà á mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé nǹkan kan ti ṣe é. Ẹni tó bá fẹ́ kó dáa á dúró de iná ìjọba, tàbí kó lo ínfátà tó ṣeé fọkàn tán.

Abẹ́rẹ́ náà tún wà níbẹ̀. Gbogbo ìgbà tó bá gba ojú àwo kọjá ló ń ha díẹ̀ nínú ẹ̀. Torí náà ìgbà kan péré ló yẹ kí àwo tó ṣọ̀wọ́n kọrin torí dọ́ọ̀bù, kí wọ́n tọ́jú èyí tó bá jáde bí ìyá, kí gbogbo ọmọ máa ti ara ẹ̀ wá. WAV, ìyẹn fáìlì tí wọn ò fún pọ̀ rárá, ló dáa kí ìyá yìí jẹ́, bí 10 MB ni ìṣẹ́jú kan ń gbà, àwo kan á wá tó 400 MB. Èyí tí wọ́n á fi ránṣẹ́ lè jẹ́ MP3, èyí tí wọ́n ti fún pọ̀, tí gbogbo ẹ̀ ò ju bí 40 MB lọ, dátà ò ní pa ẹnikẹ́ni.

Láyé kásẹ́ẹ̀tì, ó nídìí tí gbogbo èèyàn fi máa ń ya lu ilé ẹni tó ni àwo. Kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n bá dà kọ látara kásẹ́ẹ̀tì míì, ariwo "ṣììì" tó wà lẹ́yìn ẹ̀ máa ń pọ̀ sí i ni, tó bá fi máa dọ́wọ́ ẹnì kẹrin ohùn á ti rì, àgídìgbo àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ á ti dà pọ̀ mọ́ra wọn, ẹni tó bá gbọ́n á yáa lọ gbà á níbi orísun. Fáìlì ò rí bẹ́ẹ̀. Kópì tó dé ọwọ́ ẹni ogójì, ohun kan náà ni pẹ̀lú ti ẹni àkọ́kọ́, tí wọ́n bá ṣáà ti fi í ránṣẹ́ bíi document tí wọn ò tún un fún pọ̀. Ìdí yẹn ti lọ, àṣà ẹ̀ ló kù. Àwọn èèyàn ṣì gbà pé tọwọ́ ẹni tó ni àwo ló dáa jù, ẹni tó bá lè yí wọn lọ́kàn padà lórí ìyẹn ti sọ ìdajì ẹrù ẹ̀ kalẹ̀.

Ibẹ̀ ni ètò ẹ̀ka ti wọlé. Ẹni tó ni àwo á fún èèyàn mẹ́ta péré, àwọn mẹ́ta yẹn á fún mẹ́ta-mẹ́ta, àwọn mẹ́sàn-án yẹn náà á fún mẹ́ta-mẹ́ta. 3, 9, 27, èèyàn 39 ti gbọ́ Fóyánmu, ẹni tó ni àwo ò dá ju mẹ́ta lóhùn. Àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ olórin Grateful Dead ní Amẹ́ríkà lo irú ẹ̀ gan láyé kásẹ́ẹ̀tì, torí ẹgbẹ́ yẹn máa ń gbà káwọn èèyàn gba orin wọn sílẹ̀ níbi ìṣeré. Igi làwọn ń pè é, ẹni tó bá fẹ́ gbà á fi kásẹ́ẹ̀tì òfìfo àti owó ìfìwéránṣẹ́ ránṣẹ́, wọn kì í gba ju ìyẹn lọ.

Àwo tí wọn ò tíì dọ́ọ̀bù wá ńkọ́? Èésú ló wúlò níbí, ẹ̀yin ará Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ ò sì nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé èésú fún yín. Ẹni tí oṣù ẹ̀ ò bá tíì tó kì í lọ ká olórí èésú mọ́lé. Tí olólùfẹ́ àwo méje tàbí mẹ́jọ bá kóra jọ, wọ́n á kọ orúkọ tò, àwo kan lóṣù kan, ẹni tí oṣù bá kàn ló máa sọ èyí tó fẹ́ nínú àwo gbogbo wọn, ẹni tí àwo yẹn wà lọ́wọ́ ẹ̀ á dọ́ọ̀bù ẹ̀, gbogbo ẹgbẹ́ á sì rí i gbà. Kódà kó jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ló ní àwo tó pọ̀ jù nínú wọn, iṣẹ́ ẹ̀ ò lè ju wákàtí kan ààbọ̀ lóṣù. Orúkọ àwo tí wọ́n á sì máa gbé síta fún àwọn tí kò sí nínú ẹgbẹ́, àwọn èyí tí ìyá wọn ti wà nílẹ̀ nìkan ni. Ẹni tó bá ya fọ́tò gbogbo àwo ilé ẹ̀ síta ti ṣí ilẹ̀kùn tí kò ní lè tì mọ́ nìyẹn.

Apá tó le jù ni tàwọn àgbà, torí kò sí bí ọmọ Yorùbá ṣe máa wo ojú bàbá ẹni àádọ́rin ọdún, á ní rárá, ẹ lọ dúró lórí ìlà. Ìdí nìyí tí ẹgbẹ́ fi ń nílò akọ̀wé, kó jẹ́ ẹni tí kò ní àwo púpọ̀, òun ló máa di ìwé tí orúkọ wà mú. Tí bàbá bá bèèrè, "ẹ̀yin lẹ kàn lóṣù kẹfà, bàbá, mo ti kọ orúkọ yín sílẹ̀", ìyẹn ti yàtọ̀ sí rárá, inú bàbá á dùn pé wọ́n mọ òun níbẹ̀. Èyí tó tún dáa ju ìyẹn lọ ni kí wọ́n pe bàbá wá gbọ́ ọ lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ dọ́ọ̀bù ẹ̀ gan-an, lọ́sàn-án Sunday, ní Àpáké tàbí Tákíé ní Ògbómọ̀ṣọ́, ibi tí ẹ̀rọ bá wà. Abẹ́rẹ́ gbà á kọjá lẹ́ẹ̀kan, kọ̀ǹpútà gbà á, etí mẹ́wàá náà gbà á. Àwọn àgbà yìí sì ni wọ́n máa ń mọ ìtumọ̀ ẹsẹ ìjálá tí ọmọ ìsinsìnyí ò gbọ́ yé, wọ́n mọ ẹni tí wọ́n ń kì nínú ẹ̀, wọ́n mọ agboolé ẹ̀. Ẹni tó bá ń kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ti rí ohun tí páálí àwo ò kọ.

Àwo fúnra ẹ̀ ò gbọdọ̀ jáde nílé o, bó ti wù kí ẹni tó ń yá a jẹ́ èèyàn gidi tó. Èyí tó tiẹ̀ ń ṣeni láàánú jù ni àwo 78, èyí tó ń yí ìgbà 78 ní ìṣẹ́jú kan, tó nípọn tó wúwo, irú èyí tí Ẹni Ọ̀wọ̀ J. J. Ransome-Kuti kọrin sí ní London lọ́dún 1922. Shellac ni wọ́n fi ṣe é, oje kòkòrò ni, tó bá já bọ́ ó fọ́ bí àwo ìjẹun. Ẹni tí wọ́n yá lè fẹ́ fi spirit nù ún kó lè mọ́ kó tó dá a padà, spirit á sì jẹ ojú ẹ̀ tán, torí shellac máa ń yọ́ nínú ẹ̀. Tàbí kó fi abẹ́rẹ́ 78 kọ èlìpíì, kòtò ojú èlìpíì sì kéré sí abẹ́rẹ́ yẹn, á fà á ya ni.

Lórí owó, ẹ má gbà á. Ẹni tó ra àwo ra ike, kò ra orin, orin ṣì jẹ́ ti àwọn tó ni ín, títà kópì ẹ̀ ò tọ́ sí i. Ẹni tó bá tiẹ̀ ti sanwó kì í dúró de oṣù tiẹ̀ mọ́, ó ti di kọ́sítómà. Ohun tó yẹ kí ẹni tó gbà á mú wá ni iṣẹ́: kó da ọ̀rọ̀ orin kọ sílẹ̀, kó ya páálí kan ní fọ́tò tó mọ́, kó gbé àwo tiẹ̀ sílẹ̀ fún dọ́ọ̀bù. Akẹ́kọ̀ọ́ yẹn náà, kó dá ẹsẹ ìjálá méjì tó ti dà kọ padà kó tó bèèrè ìkẹta.

Ìyá tí wọ́n bá ti kó jọ, kó wà nínú hard drive méjì, ọ̀kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀kan lọ́wọ́ ẹlòmíì nínú ẹgbẹ́ ní Ọ̀yọ́, pẹ̀lú ìwé tó sọ àwo tó wà nínú ẹ̀ àti ilé tí àwo náà gan-an wà. Ará Ọ̀yọ́ tó bá bèèrè, ti Ọ̀yọ́ ló máa dá a lóhùn. Tí ẹni tó ni àwo bá rìnrìn àjò tàbí tó ń ṣàìsàn, kí akọ̀wé tún orúkọ tò, kí ẹni tó tẹ̀ lé e máa gbé tiẹ̀ bọ̀.