RAM wọ́n gógó: kí ni ká rà ní tuntun, kí ni ká rà ní tòkunbọ̀?

Ní oṣù Kejìlá 2025, iléeṣẹ́ Micron kéde pé òun ò ní ta RAM Crucial fún aráàlú mọ́. RAM ni ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí; Crucial sì lorúkọ tí Micron fi ń tà á. Ọ̀rọ̀ náà rú àwọn tó fẹ́ to kọ̀ǹpútà géèmù olówó pọ́ọ́kú lójú.

Kí ló kan ọjà kọ̀ǹpútà Ìkẹjà nínú ọ̀rọ̀ iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà?

Ó kàn án dáadáa. Samsung, SK Hynix àti Micron ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú RAM ayé. Àwọn tó ń kọ́ ilé ńláńlá fún kọ̀ǹpútà AI ń kó owó rẹpẹtẹ wá, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì yíjú sí wọn. Ìwọ̀nba tó kù la jọ ń dù. Oníṣòwò Ọ̀tígbà (Computer Village Ìkẹjà) tó ní ọjà ti gbówó lórí ò purọ́, bó tilẹ̀ lè ti bu tiẹ̀ lé e.

Crucial tó wà lọ́wọ́ mi ńkọ́?

Ẹ máa lò ó. Micron ní wáràǹtì rẹ̀ ṣì dúró.

DDR4 àbí DDR5?

Ìran RAM ni méjèèjì, DDR5 ló dé kẹ́yìn. Bówó ò bá pọ̀, DDR4 tòkunbọ̀ ni. Processor (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) Ryzen 5 5600 lórí motherboard AM4 (pátákó tí àwọn ẹ̀yà yòókù ń jókòó lé) ṣì ń gbé géèmù dáadáa. Motherboard AM5, tó dé lẹ́yìn AM4, ò gba DDR4 rárá, ihò wọn ò bára mu, ẹ má fagbára tì í. 8GB méjì sì yá ju 16GB ẹyọ kan lọ.

Ṣé processor tòkunbọ̀ ò léwu?

Kò fi bẹ́ẹ̀ léwu. Ẹ ṣáà wo irin wẹ́wẹ́ abẹ́ rẹ̀ bó bá jẹ́ ti AM4. Ti Intel, ara motherboard ni tirẹ̀ wà. Èyí tó bá ti wọ́, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín.

Káàdì graphics wá ńkọ́?

Káàdì yìí ló ń gbé àwòrán géèmù jáde, ibí sì lowó ti ń ṣòfò jù. Ẹ̀rù káàdì tí wọ́n fi wa Ethereum (owó orí ayélujára) ló ń ba ọ̀pọ̀ èèyàn, ṣùgbọ́n wíwa Ethereum ti dópin láti oṣù Kẹsàn-án 2022. Fáànù ló sábà máa ń gbó lára irú káàdì bẹ́ẹ̀, ọ̀dà tó ń gbé ooru kúrò náà a sì gbẹ. Méjèèjì ṣeé pààrọ̀. Ayédèrú ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù. Wọ́n á mú GTX 550 Ti àtijọ́, wọ́n á yí ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ padà, kọ̀ǹpútà á sì máa pè é ní GTX 1050 Ti. Ẹ fi GPU-Z, ètò tó ń sọ irú káàdì tó wà nínú kọ̀ǹpútà, sórí flash lọ sọ́jà: ó máa ń kọ FAKE síwájú orúkọ ọ̀pọ̀ irú wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ fi géèmù tó wúwo dán an wò kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹni tó bá ní iná ò sí, ẹ ní kó tan jẹnẹrétọ̀.

Power supply tòkunbọ̀?

Ìyẹn ẹ̀rọ tó ń pín iná fún ẹ̀yà kọ̀ǹpútà. Ẹ má rà á. Iná Èkó ń lọ sókè sódò, power supply tó ti gbó sì lè kó àwọn yòókù lọ bó bá ń kú. Tuntun ni kẹ́ ẹ rà, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ta yín lọ́rẹ pẹ̀lú àpótí kọ̀ǹpútà.

Ṣé mo lè ki káàdì bọ inú OptiPlex, kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì Dell?

Ẹ lè ṣe é, bí káàdì náà ò bá béèrè wáyà iná tirẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wọn gíga inú kọ̀ǹpútà náà. Kí processor rẹ̀ jẹ́ Intel ìran kẹjọ sókè: Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró ní 14 oṣù Kẹwàá 2025, Windows 11 ò sì fọwọ́ sí ìran tó ṣáájú ìyẹn.

Bó bá bàjẹ́ lọ́la ńkọ́?

Kí wọ́n kọ nọ́ńbà ara ọjà náà sórí rìsíìtì, àti iye ọjọ́ tẹ́ ẹ lè fi dá a padà. Bí wọ́n bá kọ̀, ṣọ́ọ̀bù pọ̀ ní Computer Village.