Bí wọ́n ṣe ń kọ́ pápákọ̀ òfurufú sínú símúlétọ̀: ilẹ̀ ló kàn kí ilé tó kàn

Bàlúù inú símúlétọ̀, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tí èèyàn fi ń wa bàlúù láì kúrò lórí àga, bíi X-Plane tàbí Microsoft Flight Simulator, lè dára débi pé gbogbo bọ́tìnì tó wà níwájú awakọ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n kó wá balẹ̀ sí pápákọ̀ òfurufú tí ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ tún ṣe, ilẹ̀ pẹrẹsẹ ló máa bá: rọ́nwéè kan (ojú ọ̀nà tí bàlúù ti ń gbéra, tó sì ń balẹ̀ sí), koríko, bóyá ilé kan tàbí méjì tí kò jọ ohunkóhun tó wà níbẹ̀ lójú ayé. Ẹni tó bá mọ ibẹ̀ á ti mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ibí kọ́. Kì í ṣe ilé iṣẹ́ tó ṣe símúlétọ̀ nìkan ló ń tún irú pápákọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe. Púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ àwọn olólùfẹ́ bàlúù tí wọ́n jókòó sí yàrá wọn, tí wọ́n ń fi máòsì fa ìlà títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ ni pé ilé tẹ́míná, níbi tí èrò ti ń wọ bàlúù, ló máa kọ́kọ́ sáré sí. Ilé ló ń wu ojú. Ṣùgbọ́n awakọ̀ tó ń bọ̀ lókè kì í wo fèrèsé tẹ́míná, ilẹ̀ ló ń wò. Rọ́nwéè, ìlà funfun, ìlà yẹ́lò, ojú kọnkéré tí epo ti dà sí: àwọn wọ̀nyí ló máa wà níwájú rẹ̀ látìgbà tó bá ti fojú kan pápá náà títí tó fi máa pa ẹ́ńjìnnì. Bí ilẹ̀ bá péye, ilé tí kò fi bẹ́ẹ̀ lẹ́wà á ṣì bá a mu. Bí ilẹ̀ ò bá péye, kò sí ilé tó lè gbà á sílẹ̀.

Irinṣẹ́ tó rọrùn láti fi bẹ̀rẹ̀ ni WorldEditor, tí àwọn tó ń lò ó ń pè ní WED. Laminar Research, ilé iṣẹ́ tó ṣe X-Plane, ló ṣe é. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, Mac àti Linux. Ẹni tó bá ń lo Microsoft Flight Simulator ní tirẹ̀ á tan Dev Mode nínú símúlétọ̀ náà, ibẹ̀ ni irinṣẹ́ ìkọ́lé wà. Orúkọ bọ́tìnì yàtọ̀, ètò iṣẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. WED la ó máa lò níhìn-ín, pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed ní Ìkejà la ó sì fi ṣe àpẹẹrẹ.

Símúlétọ̀ kò mọ Ìkejà. DNMM ló mọ̀. Lẹ́tà mẹ́rin yìí ni ICAO, àjọ àgbáyé tó ń bójú tó ìrìnnà òfurufú, fi ń dá pápákọ̀ òfurufú mọ̀ káàkiri ayé. DN dúró fún Nàìjíríà, ìdí nìyẹn tí Ìbàdàn fi jẹ́ DNIB, tí Àkúrẹ́ jẹ́ DNAK, tí Ìlọrin jẹ́ DNIL. Kútọnu jẹ́ DBBB, Lomé sì jẹ́ DXXX. Pẹ̀lú kóòdù yìí, WED lè fa iṣẹ́ tí àwọn ẹlòmíràn ti ṣe lórí pápákọ̀ náà wá láti X-Plane Scenery Gateway, ibi tí àwọn akọ́pápá ń kó iṣẹ́ wọn sí fún gbogbo ayé. Ó dára kí ẹni tuntun gba ibẹ̀ wọlé, kó máa tú iṣẹ́ ẹlòmíràn wò bí ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì ṣe ń tú ẹ́ńjìnnì.

Lẹ́yìn náà ni ká tan àwòrán sátẹ́láìtì tí WED máa ń tẹ́ sábẹ́ iṣẹ́. Rọ́nwéè ló rọrùn jù: a tẹ máòsì ní orí kan, a tẹ̀ ẹ́ ní orí kejì, a kọ ìbú rẹ̀ sí i. Ìkejà ní méjì tí wọ́n jọ na ara lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: 18R/36L tó gùn ní 3,900 mítà, tó fẹ̀ ní 60, àti 18L/36R tó gùn ní 2,743 mítà, tó fẹ̀ ní 45. Nọ́ńbà yẹn kì í ṣe àdììtú. Dígíríì tí bàlúù kọjú sí lórí kọ́ńpáàsì ni wọ́n pín sọ́nà mẹ́wàá: 18 jẹ́ 180, ìyẹn gúúsù, 36 jẹ́ 360, àríwá. L ni ti ọwọ́ òsì awakọ̀ tó ń bọ̀, R ni ti ọwọ́ ọ̀tún. Ìdí nìyẹn tí rọ́nwéè kan ṣoṣo fi ń jẹ́ R ní ìhín, tó ń jẹ́ L ní ọ̀hún.

Bí ìbú rọ́nwéè kan kò bá dáni lójú, àwọn ìlà funfun tó tò sẹ́nu rẹ̀ bí eyín òòyà lè sọ ọ́. Ìlànà ICAO ni pé rọ́nwéè tó fẹ̀ ní 30 mítà á ní ìlà 8, ti 45 á ní 12, ti 60 á ní 16. Ká ṣáà sún àwòrán mọ́ra, ká kà á.

Tásíwéè, ojú ọ̀nà tí bàlúù ń gbà láti rọ́nwéè lọ síbi tó máa dúró sí, ni wàhálà wà, òun náà ni adùn iṣẹ́ yìí. Ẹ wo ibi tí tásíwéè ti yà kúrò lára rọ́nwéè dáadáa nínú àwòrán: kọ́nà ibẹ̀ fẹ̀ ju bí èèyàn ṣe rò lọ. Táyà imú bàlúù ló ń tẹ̀ lé ìlà yẹ́lò. Àwọn táyà ẹ̀yìn tó wà lábẹ́ ìyẹ́ ń gé kọ́nà, bí tírélà ṣe ń gé e tó bá ń yà ní oríta. Àwọn tó kọ́ pápákọ̀ gidi mọ èyí, wọ́n fi ọ̀dà tí wọ́n fi ń ṣe títì kún inú kọ́nà náà. Ẹni tó bá fà á bí igun tábìlì ti ti táyà bàlúù ńlá bọ inú koríko nìyẹn. Nínú WED, ńṣe la máa di àmì tí a gbé kalẹ̀ mú, ká fà á, kí ìlà náà lè tẹ̀. Àmì mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó wà níbi tó yẹ sàn ju ogún tí a kàn tò kiri lọ. Bákan náà ni ìlà yẹ́lò: kó rọra tẹ̀ wọ àárín rọ́nwéè láìṣẹ́ níbì kankan.

Ìdọ̀tí ló kù, òun ló sì ń mú kí ilẹ̀ jọ ilẹ̀. Níbi tí táyà ti ń kan rọ́nwéè, rọ́bà ti lẹ̀ mọ́ ọ dúdú, ó pọ̀ láàárín, ó ń tínrín bọ̀ síbi ẹ̀gbẹ́. Níbi tí bàlúù ń dúró sí, epo ti kán sílẹ̀. Ọ̀dà tí wọ́n lẹ̀ lọ́dún yìí dúdú ju èyí tí oòrùn ti pa fún ọdún mẹ́wàá, kọnkéré sì máa ń ní ojú ìlà níbi tí wọ́n ti da á ní abala abala. Ẹni tí kò bá kánjú á tẹ́ gbogbo èyí lé ara wọn ní ìpele ìpele. Rọ́nwéè tó mọ́ tónítóní látòkè délẹ̀ kò sí níbì kankan láyé.

Ó wá kan ilé. Kí a tó gbé ògiri kan dúró, a ní láti mọ ọdún tí a ń kọ́. Tẹ́míná àgbà ti Ìkejà, tí wọ́n fi ti Schiphol ní Amsterdam ṣe àwòkọ́ṣe, ṣí ní 1979. Tẹ́míná tuntun tó wà nítòsí rẹ̀ ṣí ní oṣù Kẹta 2022, nítorí náà àwòrán sátẹ́láìtì àtijọ́ lè fi pápá òfìfo hàn níbi tí ilé ńlá wà báyìí. Ẹ má pa ọdún méjì pọ̀ sínú iṣẹ́ kan.

Gíga ilé kì í hàn láti òkè, ṣùgbọ́n òjìji rẹ̀ ń hàn. Ká wá Boeing 737-800 kan tó dúró nítòsí nínú àwòrán kan náà. Ìrù rẹ̀ ga ní nǹkan bíi mítà 12.5. Bí òjìji ìrù náà bá jẹ́ mítà 10, tí òjìji ilé jẹ́ 16, ilé náà ga tó mítà 20. Gígùn bàlúù yìí, mítà 39.5, tún jẹ́ rúlà tó dára fún wíwọn gbogbo ohun tó bá yí i ká. Kìkì pé ká ṣọ́ra fún ilé gíga: kámẹ́rà sátẹ́láìtì lè ti wò ó láti ẹ̀gbẹ́, òrùlé á wá dà bí ẹni pé ó yẹ̀ kúrò lórí ìpìlẹ̀. Ìpìlẹ̀ ni ká fa ìlà yí ká.

WED ní ògiri oríṣiríṣi tí a lè fà yípo, ká sọ iye gíga rẹ̀, ilé á sì dìde. Ó tó fún iṣẹ́ àkọ́kọ́. Ẹni tó bá fẹ́ kí tẹ́míná náà jọ ara rẹ̀ gan-an á kọ́ Blender, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń mọ ilé àti nǹkan sórí kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ lòun náà, kó sì fi fọ́tò ṣe awọ fún ògiri. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: ilé ìpáná ni ká kọ́kọ́ fi dánra wò, kì í ṣe tẹ́míná. Fọ́tò tí a yà láti ojú fèrèsé bàlúù nígbà tí a bá ń rìnrìn àjò dára púpọ̀, nítorí ìhà tí awakọ̀ ń rí gan-an ló ń fi hàn. Kí awọ ilé púpọ̀ jọ wà lórí àwòrán kan ṣoṣo, bíi píìsẹ̀lì 4096 níbùú lóròó. Kọ̀ǹpútà tó ń pe àwòrán ogójì fún ilé ogójì á máa falẹ̀.

Ohun kan wà tí ojú kì í rí: ọ̀nà tí ilé ìṣọ́, ibi tí wọ́n ti ń sọ fún awakọ̀ ibi tó máa gbà, fi ń darí ọkọ̀. A ní láti fa okùn ọ̀nà lé gbogbo tásíwéè, ká fún un ní orúkọ rẹ̀, ká sọ bí ọkọ̀ tó lè gba ibẹ̀ ṣe tóbi tó, láti A tó kéré jù dé F tó tóbi jù. 737 wà ní C, 777 wà ní E. Ká tún kọ òfin atẹ́gùn sí i. Ní Ìkejà, atẹ́gùn sábà máa ń fẹ́ láti ìhà òkun, bàlúù sì ń kọjú sí atẹ́gùn láti balẹ̀, nítorí náà ìhà 18 ló yẹ kó máa ṣiṣẹ́ nígbà púpọ̀. Bí okùn kan kò bá kan èkejì, bí ó tilẹ̀ ku mítà kan, ilé ìṣọ́ á sọ pé kò sọ́nà.

Símúlétọ̀ máa ń fúnra rẹ̀ gbin igi àti ilé káàkiri, ilé oníyàrá méjì lè hù sáàárín tẹ́míná. Àpótí ìdènà tí a fà bo pápá náà ló ń lé wọn. Lẹ́yìn èyí, WED á yẹ iṣẹ́ wò, á ka àṣìṣe sílẹ̀, á sì kó o jáde sínú fódà Custom Scenery. Fáìlì apt.dat tó wà níbẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ lásán tí èèyàn lè ṣí kó kà: ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 100 ni rọ́nwéè, 110 ni ojú ọ̀dà. Bí pápákọ̀ wa kò bá yọjú, scenery_packs.ini ni ká yẹ̀ wò, èyí tó bá wà lókè níbẹ̀ ló ń borí.

Ẹ wò ó lóru pẹ̀lú. Iná funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rọ́nwéè, àwọ̀ ewé lẹ́nu rẹ̀, pupa ní òpin, búlúù lẹ́gbẹ̀ẹ́ tásíwéè. Ibẹ̀ ni iná tí a kọjú rẹ̀ sódì ti máa ń fojú hàn.

Ẹni tó bá fẹ́ kí gbogbo ayé lò ó lè fi í ránṣẹ́ sí Gateway, lábẹ́ GPL, ìwé àṣẹ tó jẹ́ kí ẹlòmíràn lè lo iṣẹ́ náà, kó sì tún un ṣe. Wọn kì í gba ilé tí a fi Blender ṣe níbẹ̀, àfi ohun tó wà nínú ibi ìkóǹkansí X-Plane fúnra rẹ̀. Àwòrán sátẹ́láìtì olówó ni ti olówó, a ò gbọ́dọ̀ dì í mọ́ ẹrù. Bí wọ́n bá rí àṣìṣe, wọ́n á dá a padà pẹ̀lú àlàyé, a ó tún un ṣe, a ó tún fi ránṣẹ́. Èyí tí wọ́n bá gbà ni wọ́n máa ń kó mọ́ X-Plane nígbà tí ẹ̀dà tuntun bá jáde.