Ẹgbẹ́ Òṣèlú Wo Ló Ni Linux?

Bí ìdìbò bá ti ń sún mọ́lé, kọ̀ǹpútà ẹ̀bùn máa ń pọ̀ nílùú. Ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí àti ní Ṣàgámù lọ́hùn-ún, wọ́n á kó o fún ilé ẹ̀kọ́, fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, fún ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, àwòrán olóṣèlú á sì wà lára ẹ̀ gbàgàdà. Linux, sọ́ftíwíà tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi ti Windows, ló máa ń wà nínú àwọn kan, torí pé kò gba owó. Ìgbà náà ni akọ̀wé ẹgbẹ́ á gbé e wá bá àwa tí à ń tún kọ̀ǹpútà ṣe: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ti pátì wọn ni nǹkan tó wà nínú ẹ̀ yìí? Bí wọ́n bá fìdí rẹmi, ṣé wọn ò ní tì í pa mọ́ wa lọ́wọ́?"

Rárá o. Kì í ṣe tiwọn, kì í sì í ṣe ti alátakò wọn. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní òṣèlú ò sí nínú sọ́ftíwíà òmìnira, irú Linux tí ẹnikẹ́ni lè lò, kó yí i padà, kó sì pín in, irọ́ ni mo pa.

Richard Stallman, tó bẹ̀rẹ̀ GNU, iṣẹ́ kíkọ sọ́ftíwíà òmìnira, ní 1983, tó sì dá àjọ Free Software Foundation sílẹ̀ ní 1985, kì í fi tiẹ̀ pa mọ́: ẹgbẹ́ Green ló máa ń tì lẹ́yìn ní Amẹ́ríkà. Eric Raymond, ọ̀kan nínú àwọn tó dá àjọ Open Source Initiative sílẹ̀ ní 1998, ní tiẹ̀ gbà pé kí ìjọba gbé ọwọ́ kúrò lọ́rùn ará ìlú, kí kálukú sì máa ra ìbọn ẹ̀ bó bá wù ú. Wọn ò lè tẹ̀ka fún ẹnì kan náà láéláé. Síbẹ̀, kóòdù (ọ̀rọ̀ àṣẹ tí wọ́n fi kọ sọ́ftíwíà) kan náà ni àwọn méjèèjì jọ ń lò. Bí rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ tiwa nígbà Ojúde Ọba ló rí: ọjọ́ orí ló kó yín jọ, kò sẹ́ni tó ń bi yín léèrè káàdì pátì kí ẹ tó wọ aṣọ ẹgbẹ́. Nínú sọ́ftíwíà, láísẹ́ǹsì, ìwé àdéhùn tó sọ bí èèyàn ṣe lè lo kóòdù, ló ń ṣe iṣẹ́ tí ọjọ́ orí ń ṣe níbẹ̀.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2021. Ilé-iṣẹ́ Donald Trump fẹ́ ṣí Truth Social, ojúlé ìjíròrò orí íńtánẹ́ẹ̀tì, inú kóòdù Mastodon, sọ́ftíwíà òmìnira fún irú ojúlé bẹ́ẹ̀, ni wọ́n sì ti gé e. Láísẹ́ǹsì Mastodon, AGPL, sọ pé ẹni tó bá fi kóòdù náà ṣí ojúlé fáráyé gbọ́dọ̀ jẹ́ kí àwọn tó ń lò ó rí kóòdù ọ̀hún, títí kan àtúnṣe tó ṣe sí i. Truth Social ò kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn Mastodon kọ lẹ́tà sí wọn, wọn ò sì ní kí ọmọ ẹ̀yìn Trump gbé ọwọ́ kúrò nínú iṣẹ́ àwọn. Kóòdù ni wọ́n bèèrè. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí i gbà.

Ọwọ́ ìjọba ni pátì ti máa ń da nǹkan rú. Ní 2003, ìgbìmọ̀ ìlú Munich ní Jámánì, nígbà tí Christian Ude ti ẹgbẹ́ SPD jẹ́ olórí ìlú, pinnu láti kó kọ̀ǹpútà ìjọba kúrò lórí Windows bọ́ sórí Linux. Ọdún mẹ́wàá ló gbà wọ́n, kọ̀ǹpútà tí wọ́n yí padà sì lé ní 14,000. Ní 2014, Dieter Reiter gorí àga. Ọmọ SPD kan náà ni, àmọ́ ètò náà ò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Nígbà tó di 2017, SPD àti ẹgbẹ́ òṣèlú CSU pawọ́ pọ̀ dìbò pé kí wọ́n padà sí Windows. Ó tún di 2020, SPD bá ẹgbẹ́ Green wọ àjọṣe, wọ́n ní sọ́ftíwíà òmìnira náà ni àwọn máa fi ṣáájú. (Microsoft kó olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ní Jámánì wọ Munich ní 2016, ẹnu mi ò sí níbẹ̀.) Ẹ sáà ro ti akọ̀wé tó kàn fẹ́ tẹ lẹ́tà jáde ní ọ́fíìsì.

Ọ̀rẹ́ pàápàá lè ṣeni léṣe láìmọ̀. Pirate Party, ẹgbẹ́ òṣèlú ní Sweden tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2006, fẹ́ kí ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ lórí iṣẹ́ rẹ̀ (copyright) má ju ọdún márùn-ún lọ. Ó dùn létí. Stallman ló tako ó, torí pé orí ẹ̀tọ́ yẹn gan-an ni láísẹ́ǹsì GPL, tó ní kí ẹni tó bá pín sọ́ftíwíà tó ṣe látinú kóòdù náà ṣí kóòdù tiẹ̀ sílẹ̀, dúró lé. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ilé-iṣẹ́ ńlá á lè kó kóòdù òmìnira sínú ọjà tiwọn, wọn á sì fi kóòdù ti ara wọn pa mọ́ síbẹ̀.

Nítorí náà, bí olóṣèlú bá gbé kọ̀ǹpútà wá, ẹ gbà á, ẹ kí i pé ó ṣeun. Lẹ́yìn náà, ẹ gba pásíwọ̀ọ̀dù ọ̀gá, èyí tó ń jẹ́ kéèyàn lè yí ohun gbogbo padà nínú kọ̀ǹpútà, lọ́wọ́ ẹni tó tò ó. Bó bá ní òun ò lè fún yín, ẹni yẹn ló ṣì ni kọ̀ǹpútà. Bí orúkọ àti nọ́ńbà fóònù ọmọ ẹgbẹ́ yín bá máa wọ inú ẹ̀, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ohun tí wọ́n tò síbẹ̀ rárá: ẹ jẹ́ ká fọ́máàtì ẹ̀, ìyẹn ká nu gbogbo ohun inú ẹ̀ kúrò, ká gba Linux tuntun láti orísun rẹ̀. Láísẹ́ǹsì gbà yín láàyè, ẹ kò sì ní láti tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tó fún yín. Ìwé ìṣirò ẹgbẹ́, ẹ máa tọ́jú rẹ̀ ní irú fáìlì ODF tí LibreOffice, sọ́ftíwíà òmìnira fún ìwé kíkọ àti ìṣirò, ń lò, kí kọ̀ǹpútà mìíràn lè ṣí i lọ́dún tó ń bọ̀. Àwòrán ọ̀gá tó wà lójú kọ̀ǹpútà ńkọ́? Ìyẹn ò ju ìṣẹ́jú kan lọ.