Setup flow: ọ̀nà àbáwọlé áàpù, ìdí tó fi ń dà wá rú, àti bí a ṣe ń tún un là

Setup flow ni gbogbo ohun tí èèyàn máa ṣe láti ìgbà tó bá ti forúkọ sílẹ̀ lórí áàpù títí dé ìgbà tí iṣẹ́ tó torí ẹ̀ wá yóò fi di ṣíṣe. Tó bá jẹ́ áàpù tó ń báni gbé nǹkan sórí Facebook àti Instagram ni, iṣẹ́ yẹn kò ju ẹyọ kan lọ: kí pọ́ọ̀sìtì àkọ́kọ́ jáde ní àkókò tí ẹni náà dá fún un. Inú setup flow yìí, kó tó di pé pọ́ọ̀sìtì náà jáde, ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pa áàpù náà tì.

Ẹ jẹ́ ká fi ìyá ẹlẹ́ja kan ní ọjà Olúwo, l'Ẹ́pẹ́, ṣe àpẹẹrẹ. Alẹ́ ló fẹ́ kọ iye tí yóò ta àrọ̀ àti ẹ̀pìyà lọ́jọ́ kejì sílẹ̀, kó lè jáde fúnra rẹ̀ láago 7 àárọ̀, torí ọwọ́ rẹ̀ á ti dí nígbà yẹn. Áàpù béèrè orúkọ, ímeèlì, orúkọ ilé iṣẹ́, iye òṣìṣẹ́, káàdì báǹkì. Ó tún ní kó pe àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ wá. Ó dáhùn gbogbo rẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó kan èyí tó ṣe kókó: "So Page rẹ pọ̀." Ó tẹ̀ ẹ́, Facebook ṣí, ó padà, áàpù sì sọ pé, "A kò rí account kankan." Ó pa á tì.

Ọ̀rọ̀ náà "page" ló dá wàhálà sílẹ̀. Lẹ́nu wa níhìn-ín, ibikíbi tí èèyàn bá ń pọ́ọ̀sì sí ni page rẹ̀. Lójú Facebook, profile (ti èèyàn fúnra rẹ̀) yàtọ̀, Page (ti òwò tàbí ilé iṣẹ́) yàtọ̀, láti 2018 ni kò sì ti gba áàpù mìíràn láyè láti pọ́ọ̀sì sórí profile. Ẹni tó ti ń fi profile tajà láti ọjọ́ pípẹ́ wá kò lè mọ̀ àfi tí a bá sọ fún un. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe áàpù, ẹ má béèrè bóyá ó ní Page. Ẹ béèrè pé: "Ṣé àwọn èèyàn máa ń fi friend request ránṣẹ́ síbẹ̀?" Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, profile ni, ẹ fi bó ṣe máa ṣí Page hàn án lójú ẹsẹ̀. Instagram náà ní tirẹ̀: account lásán kò ṣiṣẹ́, àfi ti professional, yálà business tàbí creator. Ọ̀fẹ́ ni yíyí i padà, inú settings Instagram ni wọ́n ti ń ṣe é. Kí èyí di mímọ̀ níbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn ìbéèrè mẹ́fà.

Bí a ṣe ń tún ọ̀nà náà là ni pé ká kọ gbogbo ìbéèrè sórí ìwé, ká wá bi ara wa nípa ọ̀kọ̀ọ̀kan: tí a kò bá béèrè èyí, ṣé pọ́ọ̀sìtì àkọ́kọ́ ṣì lè jáde? Tó bá lè jáde, ẹ gbé ìbéèrè náà sẹ́yìn. Iye òṣìṣẹ́ àti káàdì báǹkì á kúrò lọ́nà. Ẹ jẹ́ kó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, kó fi àwòrán sí i ná, kí áàpù sì tọ́jú rẹ̀ kó tó rán an lọ sí Facebook. Tí nẹ́tíwọ̀kì bá já, ibi tó dé ni kó ti máa bá a lọ.

Lójú ìwé àṣẹ Facebook, ìyẹn ibi tí Facebook ti ń béèrè àwọn Page tí èèyàn fẹ́ kí áàpù lò, ẹ̀rù jìbìtì máa ń mú kí èèyàn yọ àmì kúrò níwájú Page rẹ̀. Ẹ̀rù náà tọ̀nà, ẹ má bínú sí i. Àmọ́ Page tí a bá yọ àmì rẹ̀, áàpù kò ní rí i. Kó tó kúrò lọ́dọ̀ yín, ẹ sọ ohun tí Facebook máa béèrè fún un, kí ẹ sì ṣàlàyé pé Facebook nìkan ló ń rí password rẹ̀. Token ni áàpù ń gbà: kọ́kọ́rọ́ tí ẹni náà lè gbà padà lọ́wọ́ áàpù nígbàkígbà. Ti Instagram tó ń pẹ́ jù máa ń lo 60 ọjọ́. Kí áàpù tún un gbà kó tó kú. Tó bá kú, ẹ sọ fún un kó tó di pé pọ́ọ̀sìtì kọ̀ láti jáde.

Aago náà ńkọ́? Wákàtí kan ni Nàìjíríà fi ṣáájú UTC, aago tí gbogbo ayé fi ń ṣe òṣùwọ̀n. Áàpù tó bá ń lo aago Los Angeles yóò gbé pọ́ọ̀sìtì aago 7 àárọ̀ jáde láago 3 tàbí 4 ọ̀sán wa, nígbà tí ẹja tútù ti tà tán. Aago fóònù ni kí ẹ mú, kí ẹ sì kọ "aago 7 àárọ̀, àkókò Nàìjíríà" sí ẹ̀gbẹ́ pọ́ọ̀sìtì. Tí áàpù bá sì ń sọ Yorùbá, "ẹ" ni kó máa pe ìyá náà, kó má ṣe sọ pé "so page rẹ pọ̀" fún un.

Jakob Nielsen, onímọ̀ nípa bí áàpù àti wẹ́ẹ̀bù ṣe ń rọrùn láti lò, ti sọ ọ́ láti 2000 pé èèyàn 5 tó láti dán nǹkan wò ní ìpele kan. Ká tún un ṣe, ká tún fi 5 mìíràn dán an wò. Ìdí ìsọ̀ ni kí ẹ lọ, fóònù tirẹ̀ ni kó lò, pẹ̀lú ọwọ́ tó ṣì tutù fún omi ẹja. Ẹ má tọ́ka, ẹ má ràn án lọ́wọ́. Ibi tí ìka rẹ̀ bá ti dúró, tó gbójú sókè wò yín, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ibẹ̀ ni ẹ máa kọ́kọ́ tún ṣe.