Ṣé lóòótọ́ ni àkọ́jáde ẹ̀rọ géèmù kì í bàjẹ́?

Ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní ilẹ̀ Benin, bí ìròyìn ẹ̀rọ géèmù tuntun bá ti gbòde, ohun kan náà ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ máa ń tẹnu mọ́: pé àkọ́jáde ni ojúlówó, àti pé bí ọjà bá ti tà dáadáa, ilé iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohun yẹpẹrẹ ṣe àwọn tó kù. Àbúrò mi kan tó ń fi géèmù pawó lẹ́bàá ọjà Ouando gbà á gbọ́ débi pé ó fẹ́ kó gbogbo owó àjọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí Paris, kí wọ́n lè bá a ra ọ̀kan ní ọjọ́ tó bá kọ́kọ́ dé orí àtẹ.

N kò bá a wí, nítorí ọjà ló kọ́ wa. Ẹni tó ra aṣọ tó nípọn lọ́dún kan, tó tún ra irú rẹ̀ lọ́dún kejì, tí ìyẹn sì ṣá lẹ́yìn ìfọ̀ mẹ́ta, kò jẹ̀bi bó bá rò bẹ́ẹ̀. Kódà, PlayStation 3, ẹ̀rọ géèmù ilé iṣẹ́ Sony, èyí tó kọ́kọ́ jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2006 lè lo àwo PlayStation 2 tó ṣáájú rẹ̀, wọ́n sì yọ èyí kúrò lára àwọn tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà.

Ṣùgbọ́n ní ti àìbàjẹ́, ìtàn ẹ̀rọ géèmù kò ti ìgbàgbọ́ yìí lẹ́yìn. Xbox 360, ẹ̀rọ géèmù ilé iṣẹ́ Microsoft, jáde ní ọdún 2005. Nígbà tó fi di 2007, àwọn ẹ̀rọ tó ń kú lójijì, tí iná pupa ń tàn níwájú wọn, ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Microsoft fi sún àkókò àtúnṣe ọ̀fẹ́ lórí àbùkù náà dé ọdún mẹ́ta, tó sì ya owó tó lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là sọ́tọ̀ fún un. Bí ẹ̀rọ ṣe ń gbóná tó tún ń tutù léraléra ni àwọn ìsopọ̀ tín-ín-rín inú rẹ̀ ń là. Irú àbùkù bẹ́ẹ̀ ṣòro láti rí nílé iṣẹ́. Ọwọ́ ẹni tó tètè rà á ló ti ń hàn, àwọn tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn ni wọ́n sì ń ṣàtúnṣe rẹ̀ fún. Batiri Nintendo Switch, ẹ̀rọ géèmù tó ṣeé gbé kiri, ti ọdún 2017 máa ń lo wákàtí 2.5 sí 6.5, ti ẹ̀dà ọdún 2019 di 4.5 sí 9, èyí tí ẹni tí iná máa ń lọ mọ́ lọ́wọ́ yóò mọ iyì rẹ̀.

Aládùúgbò ilé ìtajà ní Paris lè gbé èyí tó bàjẹ́ padà lọ́jọ́ kejì. Àbúrò mi yóò máa wá ẹni tó ń rìnrìn àjò tí yóò bá a gbé e padà. Ẹ wo èyí tó wà lórí tábìlì rẹ̀ báyìí: eruku pupa ti dí ihò tí ooru ń gbà jáde, bọ́tìnnì kan lára mánẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ohun ọwọ́ tí a fi ń darí géèmù, sì ti rì wọlé.

Kí n má parọ́, ẹni tó ní kí a dúró kí owó ẹ̀rọ wálẹ̀ náà lè ṣìnà. Yúrò 499 ni PlayStation 5 ní ilẹ̀ Yúróòpù ní 2020, nǹkan bí 327,000 sẹ́fà. Ní oṣù kẹjọ 2022, ó di 549, tí í ṣe nǹkan bí 360,000.

Bọ́ọ̀lù ni àwọn oníbàárà àbúrò mi ń gbá ṣá, géèmù bọ́ọ̀lù ilé iṣẹ́ EA tó jáde ní 2024 sì ṣì ń ṣiṣẹ́ lórí PlayStation 4, ẹ̀rọ ọdún 2013.