Bíà pípọn nínú àpò: omi gbígbóná kì í ṣe omi híhó

Nígbàkúùgbà tí ẹnìkan bá kọ̀wé sí mi pé bíà àkọ́kọ́ tí òun pọn nílé ṣú dùdù, pé ó ń fà lẹ́nu, kò sì pa ẹnikẹ́ni, mo ti máa ń mọ ohun tí ó ṣe kí n tó kà á parí: ó da ọkà báálì sínú àpò, ó ti àpò bọ inú ìkòkò, ó sì gbé e hó fún wákàtí kan. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ìjọba ti fàyè gbà láti ọdún 1963 pé kí ènìyàn pọn bíà nílé láìgba ìwé àṣẹ, níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti tà á.

Ọ̀nà àpò yìí, tí àwọn tó ń pọn bíà nílé ní Ọsirélíà sọ di mímọ̀ ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, kò nira. Ìkòkò ńlá kan àti àpò aláṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bíi ti asẹ́ ògì ni ẹ nílò. Fún bíà lítà 10 tí agbára rẹ̀ tó ìdá 5 nínú 100, ẹ ra kílò 2.5 ọkà báálì tí wọ́n ti jẹ́ kí ó hù tí wọ́n sì ti yan, kí wọ́n bá yín lọ̀ ọ́. Ẹ bu omi lítà 15, nítorí pé ọkà yóò mu bíi lítà 2, híhó ìkẹyìn yóò sì gbé bíi lítà 3 lọ. Ìyókù wà nínú ìwé tó wà nínú páálí èlò pípọn bíà tí ẹ rà. N kò ní tún un sọ.

Ìgbóná omi ni mo fẹ́ kí a jókòó tì. Nínú ọkà tó ti hù ni àwọn ẹ́ńsáìmù wà, àwọn ni wọ́n sì ń gé sítáàṣì wẹ́wẹ́ títí yóò fi di ṣúgà tí ìwúkàrà lè jẹ. Méjì ló ṣe pàtàkì nínú wọn. Èkíní, tí wọ́n ń pè ní bẹ́tà-àmíléèsì, ń ṣiṣẹ́ dáadáa láàárín dígírì 60 sí 65 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ṣúgà tí ó ń pèsè ni ìwúkàrà ń jẹ tán, bíà inú rẹ̀ a sì gbẹ lẹ́nu. Èkejì, áfà-àmíléèsì, fẹ́ràn dígírì 68 sí 72, ìwúkàrà kì í sì lè jẹ gbogbo ohun tí ó bá gé, nítorí náà bíà rẹ̀ a máa wúwo lẹ́nu. Nínú omi híhó, àwọn méjèèjì yóò kú, kò sì sí àdúrà tó lè jí wọn. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ dígírì 66 fún gbogbo olùbẹ̀rẹ̀. Ẹ gbé omi dé 69, ẹ pa iná, ẹ máa da ọkà sínú àpò díẹ̀díẹ̀ kí ẹ sì máa rò ó kí ó má baà di kókó; ọkà fúnra rẹ̀ ni yóò fa omi wálẹ̀ sí 66. Ẹ dé e, ẹ fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé ìkòkò náà fún wákàtí kan. Bí ó bá wálẹ̀ sí 63 kí wákàtí náà tó pé, kì í ṣe ọ̀ràn. Bí ẹ bá dáná sí i tí ìdí àpò sì jó, ọ̀ràn ni.

Àwọn kan tó ń pe ara wọn ní olùkọ́ ń sọ fún ènìyàn pé kí ó fi ìka wọ omi, nítorí pé àwọn ìyá wa kò lo tẹ̀mọ̀mítà. Ìsọkúsọ ni. Omi dígírì 60 yóò bó yín lọ́wọ́, ti 75 náà yóò bó yín lọ́wọ́, ìka kò sì lè sọ ìyàtọ̀ wọn. Àwọn olùkọ́ yìí kò tilẹ̀ mọ ohun tí àwọn ìyá ń ṣe. Sítáàṣì ọkà bàbà ń fẹ́ ooru tó ju ti báálì lọ kí ó tó rọ̀, ooru yẹn sì lè pa ẹ́ńsáìmù. Nítorí náà, àwọn obìnrin tó ń pọn tchoukoutou, bíà ọkà bàbà, ní àríwá orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ máa ń kọ́kọ́ da omi tó léfòó lórí ọkà tí wọ́n pò mọ́ omi sọ́tọ̀, níbi tí ẹ́ńsáìmù wà, wọn a se gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ ìsàlẹ̀ jinná, kí wọ́n tó pa àwọn méjèèjì pọ̀ padà. Ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ni èyí, ọgbọ́n tí ẹni tó ń ti ìka bọ omi kò ní.

Lẹ́yìn wákàtí kan, ẹ gbé àpò sókè, ẹ fún un dáadáa, ẹ wá gbé omi náà hó pẹ̀lú họ́ọ̀pù, òdòdó tó ń mú bíà korò, fún wákàtí mìíràn, ẹ jẹ́ kí ó tutù dé dígírì 20, kí ẹ sì fi ìwúkàrà sí i. Ohunkóhun tó bá kàn án lẹ́yìn híhó gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí ẹ ti fi oògùn tó ń pa kòkòrò àìfojúrí fọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí n kò lè fò, nítorí pé ó lè fọ́ni lójú. Ẹ̀gbọ́n kan tí mo kọ́ kò ní sùúrù. Nígbà tí ó rí i pé ìfófòó ti rọlẹ̀, ó rọ bíà sínú àwọn ìgò wáìnì tí ó ṣà jọ, ó fi ṣúgà sí i, ó dì wọ́n pa, ó sì tò wọ́n sábẹ́ àtẹ̀gùn. Kò pẹ́ tí ìgò bẹ̀rẹ̀ sí bú lóru. Wọ́n ní iṣẹ́ ọ̀tá ni. Wọ́n pe àwọn aládùúrà, wọ́n gbààwẹ̀, wọ́n da òróró sẹ́nu ọ̀nà, ìgò sì ń bú lọ ní tirẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n wá pè mí, mo bi í pé kí ni haidirómítà, ohun èlò tí a fi ń mọ bí ṣúgà ṣe kù sí nínú bíà, sọ kí ó tó dì í. Ó ní 1.020. Bíà yẹn ì bá wálẹ̀ dé nǹkan bí 1.012, ṣúgà tó sì wà láàárín àwọn òǹkà méjèèjì tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta èyí tí a ń fi mú kí bíà yọ ìfófòó nínú ìgò. Ìwúkàrà ń jẹ ẹ́, afẹ́fẹ́ ń pọ̀ sí i, kò rí ọ̀nà jáde, ìgò wáìnì kò sì nípọn tó láti gbà á. Ta ni ọ̀tá níbẹ̀?

Ẹ máa wọn bíà títí òǹkà haidirómítà yóò fi dúró sójú kan fún ọjọ́ mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, gíráàmù 6 ṣúgà fún lítà kọ̀ọ̀kan ti tó. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ lo ìgò ike ọtí ẹlẹ́rìndòdò, kí ẹ máa fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò (ibí nìkan ni mo ti gba ọwọ́ láàyè): bí ó bá ti le bíi ti ìgò tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, ẹ gbé e sínú fìríìjì. Ẹni tó bá sì ti rọ tirẹ̀ sínú ìgò gíláàsì láìwọ̀n ọ́n, kí ó wọ awò tó bo ojú àti ìbọ̀wọ́ tó nípọn, kí ó fi aṣọ ìnura bo àwọn ìgò náà, kí ó rọra gbé wọn sínú òtútù, kí ó sì máa ṣí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lábẹ́ aṣọ náà, láìjẹ́ kí ọmọdé sún mọ́ ibẹ̀.