Kí ló ń wó ilé nígbà tí ilẹ̀ bá mì? Àlàyé PGA, PGV àti Sa

Magnitude tí ìròyìn máa ń kọ́kọ́ gbé jáde ń sọ bí agbára tó tú jáde níbi tí àpáta ti ya lábẹ́ ilẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Bó bá fi oókan lé sí i, agbára náà di ìlọ́po bíi 32. Ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ ilé kò mọ magnitude. Bí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ṣe mì ló mọ̀, ẹ̀rọ tí wọ́n gbé kalẹ̀ sí àdúgbò ló sì ń wọn ìyẹn.

PGA ló gbajúmọ̀ jù nínú ohun tí ẹ̀rọ náà ń kọ sílẹ̀: bí ilẹ̀ ṣe já gìrì tó nígbà tó le jù lọ. Òṣùwọ̀n g ni wọ́n fi ń kà á, ìyẹn bí ìyára ohun tó ń já bọ́ láti òkè ṣe ń pọ̀ sí i nítorí òòfà ilẹ̀. Bí PGA bá jẹ́ 0.3 g, ṣe ló dà bíi pé ohun kan ń fi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ìwúwo ilé náà tì í láti ẹ̀gbẹ́. Ilé kúkúrú tó le gbagidi nìkan ni ìṣirò yìí bá mu o.

Ẹ wo ibi tí PGA ti ń tan ènìyàn jẹ. Ní Tsukidate, ní Japan, lọ́dún 2011, ẹ̀rọ kọ 2.7 g, síbẹ̀ ilé tí ìmìtìtì náà bà jẹ́ níbẹ̀ kò tó nǹkan. Ní Mexico City lọ́dún 1985, ẹ̀rọ tó wà lórí amọ̀ adágún omi àtijọ́ kò kọ ju bíi 0.17 g lọ. Ọ̀pọ̀ ilé alájà púpọ̀ wó lulẹ̀, bẹ́ẹ̀ ibi tí ilẹ̀ ti ya jìnnà ju 350 km lọ.

Àkókò tí ilé fi ń lọ tó fi ń bọ̀ ló fà á. Wọ́n ń pè é ní T. Fún ìdíwọ̀n ojú lásán, ẹ fi 0.1 sọ iye àjà di púpọ̀: ilé alájà mẹ́wàá, bí ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní Tsukidate, ilẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀ lẹ́ẹ̀mélòó kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí ilé tó tẹ̀, ilẹ̀ ti yí padà. Amọ̀ Mexico City ní tirẹ̀ ń lo bí ìṣẹ́jú àáyá méjì fún àlọ àti àbọ̀ kan, lemọ́lemọ́, bí ẹni ń ti ọmọ lórí jangirọ́fà lásìkò tó yẹ gẹ́lẹ́. Ilé alájà 6 sí 15 ló jìyà jù. Bí òpó ṣe ń sán ni ilé ń rọ̀ sí i, T rẹ̀ ń gùn, ó sì ń sún mọ́ T amọ̀ náà gan-an.

Ìdí nìyí tí àwọn ẹnjiníà fi ń lo Sa: bí ilé tí T rẹ̀ jẹ́ báyìí yóò ṣe já tó, bí 5% bá ni ìdẹ́kun mímì inú rẹ̀ (ohun tó ń jẹ́ kí mímì ilé rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀). Lórí amọ̀ yẹn, Sa ní T ìṣẹ́jú àáyá méjì tó 1 g, ìyẹn bí ìlọ́po mẹ́fà PGA. Sa tí kò bá T ilé yín mu kò wúlò fún yín.

PGV, ìyẹn ìyára ilẹ̀ tó ga jù, sábà máa ń bá ìbàjẹ́ rìn ju PGA lọ nígbà tí mímì bá le. Ní Kobe, 1995, ó tó 90 cm/s ní àwọn ibì kan.

Sa kò sọ iye ìgbà tí ilé fì. Bí mímì bá pẹ́, kọnkéré ara òpó á bó. Bí òrùka irin tó gbá irin òpó mọ́ra bá jìnnà síra, irin náà á tẹ̀, òpó á sì rún. Nítorí náà, lábẹ́ 0.4 g kan náà, ilé bíríkì tí kò ní irin lè wó, kí ògiri ilé onírin tí wọ́n dè dáadáa kàn sán.